Láti Ọ̀nà Kámpù Padà sí Ládípọ̀

Tí oṣù kẹjọ bá ti dé, ẹrù tó ń gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá kì í ṣe ẹrù ojoojúmọ́ mọ́. Ẹní, sítóófù, ike omi, àpò gààrí, àga rọ́bà tí wọ́n tò lé ara wọn lórí, àwọn ọmọ tó ti sùn lọ lẹ́sẹ̀ ìyá wọn kí ọkọ̀ tó dé Ọ̀jọ́tà: gbogbo wọn ń lọ sí Ibùdó Ìràpadà, tí èrò ń pè ní kámpù, ní kìlómítà 46, fún àpéjọ ọdọọdún ìjọ Redeemed. Ẹni tó lówó á gba yàrá. Ẹni tí kò ní á tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn. Àwọn mìíràn á gbé kánópì ró, wọ́n á fi tápólì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ilé fún ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Òyìnbó máa ń lọ pàgọ́ sínú igbó kí etí rẹ̀ lè sinmi. Àgọ́ tiwa, ariwo jẹnẹrétọ̀ ló ń mú un dùn.

Ará Mainland ni ìjọ náà fúnra rẹ̀. Èbúté Mẹ́ta ni Josiah Akíndáyọ̀mí ti dá a sílẹ̀ ní 1952. Enoch Adébóyè, tó di olórí rẹ̀ ní 1981, ti ṣe olùkọ́ ìṣirò rí ní Yunifásítì Èkó ní Akọka. Ọdún 1983 ni wọ́n tó ra ilẹ̀ sí ọ̀nà Ìbàdàn, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí Ọbásanjọ́, tó jẹ́ olórí ìjọba ológun nígbà náà, ṣí òpópónà ọ̀hún ní 1978. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Súrùlérè, Yábà àti Múṣin ti ń kó ẹbí àti ẹrù gba ibẹ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé bí ọkọ̀ wọn bá kú sójú ọ̀nà, ilé ni wọ́n máa padà wá tún un ṣe. Iwájú ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni páàtì wà.

Mo bá àwọn ará ìjọ kékeré kan ní Súrùlérè rin irú ìrìn yìí. Jíìpù tòkunbọ̀ kan, gíà ọ́tò, ló ṣáájú. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ tó ń dán, wọ́n ti lẹ àmì àpéjọ mọ́ gíláàsì rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹrù alátayà méjì ni wọ́n so mọ́ ìdí rẹ̀, irú èyí tí àwọn wẹ́dà máa ń fi irin àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Jẹnẹrétọ̀ ńlá kan tó wà nínú àpótí irin jókòó sáàárín rẹ̀. Wọ́n to irin kánópì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n to àga sí èkejì, wọ́n wá fi okùn dì í títí ó fi lè bí irin. Mo bi Alàgbà tó ń darí ìrìn-àjò náà léèrè pé báwo ni ẹrù yìí ṣe wúwo tó. Ó wo ẹrù, ó wò mí.

“Jíìpù ńlá ni. Kí ni kò ní lè fà?”

Jẹnẹrétọ̀ alápótí bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti tó 20 kVA, kì í jìnnà sí tọ́ọ̀nù kan, kí a tó ka irin àti àga mọ́ ọn. Ní Bìrìtéènì, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ìwọ̀n òun àti ẹrù rẹ̀ bá lè ju 750 kìlógíráàmù lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Tiwa kò ní. Bí dẹ́rẹ́bà bá ti tẹ bíréèkì ní Western Avenue (wọ́n ti sọ ọ́ di Funsho Williams Avenue tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu èrò kò tíì mọ́ ọn), a máa ń gbọ́ bí ẹrù náà ṣe ń ti jíìpù lẹ́yìn: gbì.

A bọ́ sí ọ̀nà Ìkòròdú, a kọjá Fádéyì, a kọjá Onípáànù. Iwájú ni mo jókòó sí, mo sì ń wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré tó. Kò dúró sójú kan. Bí ọ̀nà bá ti ga díẹ̀, gíà á bọ́ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á ké. Bí ọ̀nà bá tẹ́jú, gíà á tún gòkè. Lórí afárá Mérílándì nìkan, ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Bọ́tìnì kékeré kan wà lára ọwọ́ gíà tí wọ́n kọ O/D sí. Ẹni tó bá ń fa ẹrù ló yẹ kó tẹ̀ ẹ́, kí gíà má bàa máa lọ dé òkè pátápátá kó tún máa já bọ́. Dẹ́rẹ́bà wa kò fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ wà. Ẹrù fífà kì í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní Súrùlérè, a kì í sì í sábà fi bọ́tìnì yẹn han ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lè yé wa: ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà ọ́tò. Bí gíà bá ń yí padà ṣáá lábẹ́ ẹrù, ọ́ìlì náà á gbóná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú rédíétọ̀ ni wọ́n ti ń tù ú: páìpù á gbé e wọ ọpọ́n kékeré kan tó wà níbẹ̀, omi á yí i ká, á tutù, á padà. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló ya omi àti ọ́ìlì sọ́tọ̀.

Ní Ọ̀jọ́tà, ọkọ̀ ti ń lọ́ra. Dẹ́rẹ́bà mọ̀. Ó ní òun kò ní dúró láàárín Èkó kí ẹnì kan má bàa wá wọ́ ọkọ̀ òun lọ, kí wọ́n wá ní kí òun san owó tó ju ti àtúnṣe lọ. Ìbẹ̀rù yìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwa ará Èkó, ó sì ń gbówó lọ́wọ́ wa. Ọkọ̀ tó yẹ ká dá dúró níbi tó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, a ó máa tẹ̀ ẹ́ lọ títí yóò fi dákẹ́.

Ó dákẹ́ lóòótọ́. A ti kọjá Berger, a ti gba ẹ̀gbẹ́ Kárà, níbi tí òórùn màlúù àti àgbò ti ń bá afẹ́fẹ́ Odò Ògùn wọ inú ọkọ̀. Afárá gígùn ti tán lẹ́yìn wa nígbà tí ẹ́ńjìnnì ké tòò, tí ọkọ̀ kò sì lọ. Dẹ́rẹ́bà tẹná mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tún ké sí i, tayà kò dáhùn. Ó fi ìwọ̀nba eré tó kù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe dára. Wọ́n kó àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí mọ́tò kò ti ń kọjá, wọ́n kó wọn kọjá gọ́tà. Dẹ́rẹ́bà gbé C-caution lọ sẹ́yìn dáadáa, ó tún já ewé sí i lójú ọ̀nà, nítorí awakọ̀ Nàìjíríà gba ewé gbọ́ ju àmì onígun mẹ́ta lọ. Ìyá Ìjọ bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó ń bá ẹ̀mí ojú ọ̀nà wí. Mo ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ojú mi wà lábẹ́ ọkọ̀, níbi tí nǹkan kan ti ń kán tó, tó, tó.

Bí èèyàn bá ti kọjá Berger, ó ti wọ Ìpínlẹ̀ Ògùn. TRACE, tí í ṣe ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ náà, àti FRSC ti ìjọba àpapọ̀, tó ti wà láti 1988, ló ń bójú tó ibẹ̀; 122 ni nọ́ńbà tí a fi ń pe FRSC. Kí a tó pe ẹnikẹ́ni, ọkọ̀ tówìn méjì ti dúró níwájú wa. N kò mọ ẹni tó sọ fún wọn.

Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ fi ìkọ́ gbé iwájú jíìpù sókè, kí tayà ẹ̀yìn máa yí bọ̀ nílẹ̀ títí dé Múṣin. Alàgbà ti ń ná an. Dẹ́rẹ́bà pe mẹkáníìkì tó ń bá wọn tún ọkọ̀ ṣe, ó gbé ohùn fóònù síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

“Ta ló ní kí wọ́n máa wọ́ ọ bọ̀? Ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ò ní í yí nínú gíà. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù níbẹ̀ á jóná kẹ́ ẹ tó dé Ọ̀ṣọ́dì. Ẹ wá ọkọ̀ tó ní pẹpẹ, kẹ́ ẹ gbé e lé e lórí. Bí ò bá sí, ẹ yọ ṣáàfútì ẹ̀yìn.”

“Bàbá, a ò ní sípánà ńlá.”

“Àwọn tówìn ní. Ẹ bi wọ́n.”

Wọ́n ní in. Ọmọ ọkọ̀ tówìn tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ jíìpù, ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó sì fa irin gígùn tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jáde. Wọ́n gbé e sínú búùtù. Ó ṣe é kíákíá débi tí mo fi mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ó mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. A kò bi í ni kò ṣe sọ.

Ẹrù ńkọ́? Láti Ìbàfò ni ẹnì kan ti gbé Pẹ́jó 504 kan wá, píkọ́ọ̀pù, gíà ọlọ́wọ́, tó dàgbà ju ẹni tó ń wà á lọ. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Pẹ́jó pọ̀ ní Kàdúná, ó sì jọ pé èyí wà lára àwọn tó ti rí ayé. Kò jẹ́ kí wọ́n so ẹrù mọ́ òun bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n kó irin kánópì àti àga sínú bọ́dì Pẹ́jó, kó lè ku jẹnẹrétọ̀ nìkan lórí kẹ̀kẹ́. Ó fọwọ́ kan ìdí tayà kẹ̀kẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ọ̀kan ti gbóná ju èkejì lọ, pé ó nílò gírísì. Lẹ́yìn náà ló tó so ó, ó fi gíà kejì gbéra, ó sì ń lọ ní tirẹ̀, jẹ́jẹ́. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti àárọ̀ tó bi ẹrù léèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó gbé e.

Àwọn ìyá àti àwọn ọmọ wọ dánfó tó ń lọ sí Mówè. Èmi, Alàgbà àti dẹ́rẹ́bà bá ọkọ̀ tówìn padà: Ọ̀jọ́tà, Mérílándì, Anthony, Ọ̀ṣọ́dì, títí a fi já sí Múṣin, ní ìtòsí Pápá Àjàò.

Àgbàlá mẹkáníìkì náà kò ní géètì. Ọkọ̀ kan tí koríko ti ń hù nínú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ géètì. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ti mọ́ṣáláṣí kan wà láàárín wọn. Lẹ́yìn igi àgbálùmọ̀ tó wà ní igun, wọ́n kó irin àtijọ́ jọ, màrìwò gbígbẹ sì wà lórí rẹ̀. Alàgbà rí i, ó gbójú kúrò. Rẹ́wáyà kan ń jẹun, obìnrin tó ń ta àmàlà ń bi í ní owó àná. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Àwọn ọmọṣẹ́ ń pè é ní Ọ̀gá, gbogbo àwa yòókù ń pè é ní Bàbá.

Kò ṣí iwájú ọkọ̀ wò bí mo ti rò. Abẹ́ ló wọ̀. Ó tú páìpù kékeré kan níbi tó ti wọ rédíétọ̀, ó sì gbé abọ́ ike sábẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì gíà tó dára, pupa ni, ó sì mọ́ gaara. Ohun tó dà sínú abọ́ yìí ki, ó hó, ó sì pọ́n rúsúrúsú bí ẹ̀kọ gbígbóná tí ẹnì kan kán epo pupa sí.

“Omi,” ni Bàbá wí. Ó gbé abọ́ náà fún Alàgbà kó wò ó. “Omi tẹ́ ẹ ti ń dà sí rédíétọ̀ látoṣù tó kọjá, ibo lẹ rò pé ó ń lọ?”

Dẹ́rẹ́bà wo Alàgbà. Alàgbà wo ilẹ̀. Àwọn méjèèjì ló mọ̀ pé omi ń dín. Dẹ́rẹ́bà a máa bù ú kún un láràárọ̀, ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ kò sì tutù rí, wọ́n wá gbà pé oòrùn ló ń fà á gbẹ. Nínú oṣù keje, tí òjò kì í dá!

Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ya omi àti ọ́ìlì sọ́tọ̀ nínú rédíétọ̀ ti là. Omi ń wọ gíà, ọ́ìlì ń wọ omi. Nínú gíà ọ́tò, àwọn àwo pẹlẹbẹ wà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ nǹkan mọ́ lójú kí wọ́n lè di ara wọn mú. Omi máa ń ṣí gọ́ọ̀mù náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti ṣí, àwo á máa yọ̀ lára àwo. Ẹ́ńjìnnì á ké, ọkọ̀ kò ní lọ. Ẹrù tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́jọ́ náà kọ́ ló dá àrùn ọ̀hún sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló parí iṣẹ́. Bí wọ́n bá fi jíìpù náà ra àkàrà ní Lawanson lásán, bóyá ì bá tún lo oṣù kan sí i. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń bá àdúrà jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí tí Ìyá Ìjọ ń bá wí ní ẹ̀gbẹ́ Kárà, ilé ni wọ́n ti gbé e kúrò, wọ́n sì ti ń fún un lómi mu láràárọ̀.

Alàgbà béèrè bóyá wọ́n kò lè da ọ́ìlì burúkú náà nù kí wọ́n rọ tuntun. Bàbá ní ó ṣeé ṣe bó bá jẹ́ pé omi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ ni. À á fọ inú rẹ̀ léraléra títí ọ́ìlì á fi mọ́. Kó má bàa jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ó tú ọpọ́n ìsàlẹ̀ gíà. Ẹrẹ̀ dúdú wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan máa ń wà nínú ọpọ́n náà láti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Irin wẹ́wẹ́ ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó fi ìka gbá a, ó nà án sí wa. Kò sí ẹni tó tún béèrè nǹkan kan.

“Gíà mìíràn, rédíétọ̀ mìíràn,” ni ó wí.

Alàgbà ní kí wọ́n ra gíà lónìí, kí rédíétọ̀ dúró di ẹ̀yìn àpéjọ. Ó ní owó ìjọ ni, kì í ṣe owó òun. Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó ní ó dáa, kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Rédíétọ̀ tó pa gíà àkọ́kọ́, ṣé èkejì ló máa dá sí? Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì gbà á gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ.

Ládípọ̀ kò jìnnà. A fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹni tó bá gba òpópónà Ọ̀ṣọ́dì sí Àpápá kọjá lè rò pé ẹ̀gbẹ́ títì nìkan ni ọjà náà mọ. Inú ni ọjà wà. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó sì ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ nítorí ọ́ìlì tó ti mu láti ọjọ́ pípẹ́. Òjò òwúrọ̀ dúró sínú kòtò, àwọ̀ oríṣiríṣi ń dán lójú omi náà. Òpópó kan wà tó jẹ́ pé ìlẹ̀kùn ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀, wọ́n to gbogbo rẹ̀ ní ìdúró. Òmíràn, iná iwájú. Wọ́n gé ọkọ̀ kan sí méjì. Iwájú rẹ̀ wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, iná rẹ̀ méjèèjì ṣì pé, wọ́n ti ta ìdí rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni tiwa ni, ọjà Owódé Onírin ni à bá kọrí sí.

Àwọn ọmọ Ìgbò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń sọ Yorùbá bí ọmọ Múṣin, nítorí ọmọ Múṣin náà ni wọ́n: ibẹ̀ ni wọ́n ti sin ọ̀gá wọn fún ọdún púpọ̀ kí ọ̀gá tó fún wọn lówó láti dá dúró.

“Ọ̀gá mi, kí lẹ fẹ́? Ẹ́ńjìnnì? Gíà? Ẹ sọ ọ́ fún mi, mo ní in!”

Ẹni tó ń pariwo pé òun ní in kì í sábà ní in. Ó mọ ẹni tó ní in, yóò sì fi tirẹ̀ lé owó náà. Ọmọṣẹ́ tí Bàbá ní kó tẹ̀ lé wa kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó ti ya fọ́tò àwo irin kékeré tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára gíà tó bàjẹ́, ó sì kọ nọ́ńbà ṣásì sẹ́yìn páálí sìgá. Ó ń rìn bí ẹni tó mọ ilé tó ń lọ. Alàgbà ni wọ́n ń fà lápá aṣọ, nítorí òun ló wọ bùbá funfun.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ gbé gíà kan jáde tó mọ́ tónítóní. Alàgbà rẹ́rìn-ín. Ọmọṣẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fi pẹtirólù fọ̀ ọ́, ó ní, ẹni tó bá sì ti fọ gíà ti fọ ẹ̀rí. Ó tún yí i, ó fi ìdí rẹ̀ hàn wá. Jíìpù tiwa ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn; ibi tí wọ́n ti máa ń so ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ iwájú kò sí lára èyí. Gíà orúkọ kan náà ni, ti ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan rìn. Ẹni tó ń tà á ní wọ́n lè gé e kí wọ́n sì jó o pọ̀. A kúrò níbẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, gíà wà nílẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, eruku bò ó, iyọ̀ òkun ti jẹ ara rẹ̀ díẹ̀. Ọmọṣẹ́ fi fóònù rẹ̀ wo nọ́ńbà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó tú nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀, ó jẹ́ kí ọ́ìlì díẹ̀ kán sí àtẹ́lẹwọ́: pupa. Ó kó imú sí i, ó ní kí èmi náà gbóòórùn rẹ̀ wò. Bí ọ́ìlì bá ti jóná rí, òórùn ẹ̀wà tó jóná nínú ìkòkò ló máa ń ní. Èyí kò rùn. Ó fọwọ́ yí irin tó wà nínú ihò rẹ̀, ó dẹtí. Ó wo ibi tí wáyà ti ń wọ̀ ọ́, ó yẹ eyín rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ti dípẹtà. Gbogbo èyí, kò sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, tàbí kó dín. Ìgbà tó dìde, ó mi orí sí Alàgbà, ó sì bọ́ sẹ́yìn: ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹni tó ni ọjà pe owó. Alàgbà ná ìdá mẹ́ta rẹ̀.

“Bàbá, ẹ bínú ni?”

“Kámpù là ń lọ. Iṣẹ́ Olúwa ni.”

“Èmi náà ń lọ kámpù lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá. Dọ́là ò mọ ọ̀nà kámpù.”

Kò parọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé irú gíà bẹ́ẹ̀ wá, owó òkèèrè ni wọ́n sì fi ń rà á. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, ọ̀nà tí tòkunbọ̀ láti Kùtọ̀nú ń gbà sì há. Ìgbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ nínú oṣù kẹfà ọdún 2023 kó wá iye tirẹ̀ fúnra rẹ̀, iye owó páàtì di ohun tí èèyàn ń béèrè lárọ̀ọ́ tí yóò tún béèrè lálẹ́. Wọ́n ná an títí wọ́n fi pàdé níbi tí kò tẹ́ ẹnì kankan nínú wọn lọ́rùn. Ìwé tó kọ fún wa sọ pé bí gíà kò bá ṣiṣẹ́, kí a gbé e padà, òun yóò pààrọ̀ rẹ̀. Owó kì í padà.

Rédíétọ̀ yá ju ìyẹn lọ. Tòkunbọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n àṣẹ Bàbá ni pé tuntun ni kí a rà, nítorí rédíétọ̀ tòkunbọ̀ irú ọkọ̀ yẹn lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í là láti ibi tó ti ń bọ̀. Ọmọṣẹ́ tún ní kí a ra kúlà kékeré kan, irin tó ní abẹ́bẹ́ wẹ́wẹ́, tó fẹ̀ díẹ̀ ju ìwé lọ. Alàgbà bi í pé kí ni ti èyí. “Ọ̀gá ní kí ọ́ìlì má bá omi gbé inú ilé kan mọ́,” ni ọmọ náà fèsì. Wọ́n máa so ó síwájú rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò máa tu ọ́ìlì gíà.

Alábárò kan gbé gíà náà. Ó fi okùn dì í mọ́ bárò, ó ń kígbe “Àgò, àgò!” la àárín èrò kọjá, àwa ń sá tẹ̀ lé e, nítorí ọmọṣẹ́ ti kìlọ̀ pé kí ojú wa má kúrò lára rẹ̀. Gíà kan lè wọ òpópó kan, kí òmíràn jáde.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wọlé. Àgbàlá náà ní jáàkì, ó ní igi ńlá tí wọ́n ń fi gbé ọkọ̀ ró, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tó ń gbé gíà. Àyà èèyàn ni ẹ̀rọ náà. Ọmọṣẹ́ kan, èyí tó sanra jù, dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n fa gíà náà gun àyà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì àti orúnkún gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, Bàbá sì ń wo ihò rẹ̀ láti òkè pẹ̀lú iná fóònù. “Sọ́tùn-ún. Díẹ̀. Mú un bẹ́ẹ̀.” Gíà náà kò wọlé. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ sórí àyà, ó mí, wọ́n tún gbé e. Ìgbà tó wọlé, a gbọ́ ọ: kó. Mo bi ọmọ náà bóyá kò wúwo. Ó ní kí n má bi òun ní báyìí.

Òjò rọ̀. Wọ́n fa tápólì bo ara wọn, iṣẹ́ ń lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rọ ọ́ìlì sí i, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí dẹ́rẹ́bà ń fi ọwọ́ gíà wọ ibi gbogbo, P, R, N, D, tó sì ń dúró díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá gba kọ́kọ́rọ́, ó sì gbé ọkọ̀ náà jáde fúnra rẹ̀. A gba Agége Motor Road lọ sí Ìdí-Òrò, a gun afárá Ojúẹlẹ́gba, a yí padà. Ó pa rédíò, ó pa AC, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Gíà ń wọlé láìjẹ́ kí a mọ̀. Nígbà tí a dé, ó bọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ kan páìpù kúlà, ó fi í síbẹ̀ pẹ́.

“Ẹ lè máa lọ. Ẹ máa wo omi láràárọ̀. Bó bá dín, ẹ pè mí. Ẹ má bù ú kún un kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ má sì so nǹkan kan mọ́ ìdí ẹ̀.”

“Jẹnẹrétọ̀ wà ní kámpù, Bàbá,” ni Alàgbà wí. “A gbọ́dọ̀ gbé e bọ̀ wálé.”

“Ta ló gbé e lọ?”

“Pẹ́jó kan.”

“Ẹ wá Pẹ́jó.”

A dé Mówè kí ọ̀sán tó pọ́n. Abẹ́rẹ́ ooru kò kúrò ní àárín láti Ọ̀jọ́tà. Ní Ibùdó, kánópì ti wà ní ìdúró, jẹnẹrétọ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́ láti àná. Ẹni tó ni Pẹ́jó náà jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga tó kó wá, ó ń jẹ ìrẹsì. Alàgbà súnmọ́ ọn láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó ìpadàbọ̀. Ọkùnrin náà ní kí ó má ṣe yọnu: Ìyá Ìjọ ti san ìdajì fún òun, iye tí òun sì kọ́kọ́ pè ló gbà.